Àwọn Àṣìṣe Tí Ń Jẹ Owó Òbí Tí Ó Ń Wá Ètò Ìṣirò Tí Ọmọ Kékeré Yóò Dá Ṣe Nílé

Bí ó bá ti di oṣù Keje, tí àwọn òbí ní Houston níbí bẹ̀rẹ̀ sí í pinnu pé ọmọ àwọn kò ní padà sí ilé-ẹ̀kọ́, fóònù mi kì í sinmi. Ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wà lẹ́nu wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ètò ìṣirò wo ni ọmọ ọdún mẹ́fà lè dá ṣe, tí n kò fi ní máa jókòó tì í?" Ìbéèrè náà yé mi dáadáa. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́ta nílé, mo sì mọ bí oorun ṣe máa ń kun ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé nígbà tí wọn yóò bá fi pè mí, owó ti jáde lápò wọn, páálí ìwé ti dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ni kí n sọ pé ohun tí wọ́n rà dára. Nígbà mìíràn ó dára lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ẹlòmíràn ni ó dára fún.

Àṣìṣe kìíní ni fífi ọjọ́ orí ọmọ ra ìwé. Òbí á ní, "Ọmọ mi pé ọdún méje, ìwé ìpele kejì ni mo fẹ́," bí ẹni pé bàtà ni ó ń rà. Ìpele kejì lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé kan lè le ju ìpele kẹta ẹlòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí Math-U-See, ọ̀kan lára àwọn ètò ìṣirò tí òbí ń rà, kò fi fi nọ́ńbà kíláàsì pe àwọn ìwé rẹ̀, lẹ́tà Gíríìkì ni ó fi sọ wọ́n lórúkọ: Alpha jẹ́ àròpọ̀ àti àyọkúrò nọ́ńbà ẹlẹ́yọ kan, Beta jẹ́ ti àwọn nọ́ńbà tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Gamma sì jẹ́ ìsọdipúpọ̀, kí ó lè jẹ́ pé ohun tí ọmọ ti mọ̀ ni yóò sọ ìwé tí ó kàn. Ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé ni ó ti gbé ìdánwò tí a fi ń mọ ibi tí ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fún ọmọ ní pẹ́ńsù, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdáhùn tí ẹ bá sọ sí i létí lọ́jọ́ náà, owó ni ẹ óò fi san án lẹ́yìn ọ̀la.

Èkejì: ẹ má ṣe ra ìwé ọdún mẹ́ta pọ̀ nítorí pé wọ́n ní ẹ̀dínwó wà.

Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù lọ, ẹ ó sì ní sùúrù fún mi lórí rẹ̀, torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Òun ni kí òbí rí i lára páálí pé ọmọ lè dá ètò náà ṣe, kí ó sì gbà pé òun kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún tí ọmọ mi kejì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, mo san owó ọdún kan gbáko fún ètò kan tí a ń lò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ohùn dídùn ni ó ń ka ìbéèrè fún un, ìràwọ̀ ń já bọ́ lójú ẹ̀rọ, ìròyìn sì ń wọ ímeèlì mi ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Fún oṣù mẹ́rin, máàkì rẹ̀ kò já wá sísàlẹ̀ 90 nínú 100. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń júwe ètò náà fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọlé láìjẹ́ pé ọmọ náà gbọ́ mi. Mo bọ́ bàtà, mo mú un lọ́wọ́, mo sì dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. 8 + 5 ni ó wà lójú ẹ̀rọ, àpótí ìdáhùn mẹ́rin sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: 11, 12, 13, 15. Kò wo ìbéèrè náà rárá. Ó fi ìka kan àkọ́kọ́, ó pọ́n. Ó kan èkejì, ó pọ́n. Ó kan ẹ̀kẹta, ó di àwọ̀ ewé, aago dún, ìràwọ̀ já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe márùn-ún tí ó tẹ̀lé e, ìka rẹ̀ ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún bí ìka ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà, ìṣẹ́jú kan kò sì tíì pé. Ètò náà kì í ka àṣìṣe tí ọmọ bá ṣàtúnṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sí àṣìṣe, nítorí náà "ó mọ̀ ọ́n" ni ó ń kọ ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé ẹ̀rọ náà kúrò, mo da ẹ̀pà sórí tábìlì, mo ní kí ó kó 8 sí apá kan, kí ó kó 5 sí apá kejì, kí ó sì sọ iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ka 8, ó ka 5, ó dà wọ́n pọ̀, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ó fo ẹ̀pà kan lójú ọ̀nà, ó gbójú sókè, ó ní méjìlá ni.

Ẹni tí kò tíì kọ́ ọmọ rí lè ní kò burú, ó ṣáà gbìyànjú. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ ní àtẹ̀gùn tirẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ máa ka gbogbo nǹkan láti orí ení. Nígbà tí ó bá yá, á mọ̀ pé 8 tí òun ti kà kò tún fẹ́ kíkà mọ́, á mú un láti orí 9 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò rí i pé òun lè yọ 2 lára 5 fún 8 kí ó di 10, kí 3 sì ṣẹ́kù. Bí ó bá ṣe èyí títí, 13 á máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ronú. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó, ọmọ mi kò sì kúrò lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ rí ibi tí ó fi ìka tẹ̀, kò gbọ́ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Òǹkà Yorùbá ni mo fi tún un ṣe, ó sì máa ń dùn mí pé àwa tí a bí sínú rẹ̀ ni a máa ń gbé e jù sílẹ̀ bí a bá ti dé Amẹ́ríkà. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe 11 àti 12 kò fi 10 tí ó wà nínú wọn han ọmọ. Mọ́kànlá àti méjìlá tiwa ti sọ ọ́ tán. Bí a bá dé 15, òǹkà wa á kọjú sí 20: ogún dín márùn-ún ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún dín mẹ́rin sì ni mẹ́rìndínlógún. Ọmọ tí ó bá ń pe èyí tí ó sì yé e ti mọ̀ pé 16 ń wá 4 kí ó tó di 20, kí ó tó rí i nínú ìwé kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi ṣe é, ìṣẹ́jú 15 láràárọ̀, kí n tó lọ sùn.

N kò sọ pé kí ẹ má fi ẹ̀rọ kàn án. Ọ̀fẹ́ ni Khan Academy tí ó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ náà sì ni Khan Academy Kids tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọdún 2 sí 8, èmi náà sì ń fi wọ́n dán ohun tí mo ti kọ́ ọmọ wò. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ óò bá sanwó fún ètò orí ẹ̀rọ, ẹ wá èyí tí ọmọ yóò ti fúnra rẹ̀ kọ nọ́ńbà, tí ìdáhùn àkọ́kọ́ nìkan sì ń ní máàkì. Ní Texas níbí, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i. Òfin ka kíkọ́ ọmọ nílé mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 1994. Ìṣirò wà lára ẹ̀kọ́ márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ìjọba kì í gba ìdánwò kankan lọ́wọ́ wa. Mo mọ rírì òmìnira yìí gan-an. Síbẹ̀, bí ìròyìn ẹ̀rọ bá tàn yín jẹ, kò sí olùkọ́ tí yóò rí i lópin ọdún.

Àṣìṣe mìíràn ni gbígba ìmọ̀ràn lẹ́nu ìyá tí ọmọ rẹ̀ dàgbà ju tiyín lọ. Yóò sọ fún yín pé ètò ìṣirò Saxon ni ọmọ òun ń dá ṣe, òótọ́ ni ó sì sọ, nítorí pé láti ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 5/4, tí ó wà fún ọmọ ìpele kẹrin tàbí ìkarùn-ún, lọ sókè, ọmọ ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké, láti jẹ́léósinmi dé ìpele kẹta, òbí ni ó kọ ọ́ fún: ọ̀rọ̀ tí ẹ óò sọ wà nínú rẹ̀, ìpàdé àárọ̀ tí ẹ óò bá ọmọ ṣe sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ kan náà ni, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ètò tí ó ń tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò ní orílẹ̀-èdè Singapore náà rí bẹ́ẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń fọwọ́ kan nǹkan, tí ó ń wo àwòrán, kí ó tó kan nọ́ńbà lásán. Ẹ̀kọ́ gan-an ń bẹ nínú ìwé òbí, nítorí náà ẹni tí ó bá ra ìwé ọmọ nìkan, tí ó sì fi ọmọ tì í, ìlàjì ètò ni ó rà.

Ẹ wo bí ọmọ ṣe mọ̀wé kà sí. Nínú ètò ìṣirò Math Mammoth, àlàyé àti iṣẹ́ wà pọ̀ nínú ìwé kan, ọmọ ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Èyí ń gba òbí lọ́wọ́ làálàá púpọ̀, bí ọmọ bá lè ka ohun tí a kọ. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi ojú ewé kan han ọmọ, kí ó ka ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sókè, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ̀yin ni ẹ óò máa kà á fún un ní gbogbo ọdún náà.

Ẹ má ṣe kó iṣẹ́ ọmọ jọ di ọjọ́ Sátidé kí ẹ tó máàkì. Mo kó ti àkọ́bí mi jọ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi. Nígbà tí mo ṣí ìwé náà, 52 − 27 jẹ́ 35, 61 − 48 sì jẹ́ 27. Ó ju ọgọ́ta àyọkúrò lọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé èyí tí ó kéré ni ó ń yọ lára èyí tí ó tóbi, ìbáà jẹ́ èyí tí ó wà lókè tàbí èyí tí ó wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí ó mọ́ tónítóní. Bí mo bá ti rí i lọ́jọ́ kìíní, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà mí. Oṣù kan ni ó gbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó fi í sílẹ̀, ó sì sunkún sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má ṣe pa ètò dà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má sì ra àpótí ohun ìṣeré ìkàyé olówó gọbọi, nítorí pé ọpọ́n ayò kan tí ó ní ilé 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ti tó fún ọmọ láti kọ́ àròpọ̀, pínpín àti ìsọdipúpọ̀ mẹ́rin mẹ́rin.

Ètò tí kò gba àkókò òbí púpọ̀ wà, mo sì ń lo ọ̀kan lọ́wọ́lọ́wọ́ fún àbíkẹ́yìn mi. Mo ń jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15, ó ń dá ojú ewé méjì ṣe nígbà tí mo bá ń wẹ̀, mo sì ń máàkì rẹ̀ kí n tó fi orí lé ìrọ̀rí. Ohun tí mo wò kí n tó rà á ni pé ojú ewé rẹ̀ kò kún jù, bí iṣẹ́ ti rí lánàá ni ó rí lónìí, ìwé ìdáhùn bá a wá, kò sì sí ìpalẹ̀mọ́ tí mo gbọ́dọ̀ ṣe lálẹ́.

Bí ẹ bá ti ra tiyín, ẹ má tíì já ọ̀rá rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í gba ìwé tí a ti já ọ̀rá rẹ̀ padà. Ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀pà sórí tábìlì lọ́la, 8 sí apá kan, 5 sí apá kejì. Ẹ má sọ nǹkan kan fún ọmọ, ẹ ṣáà tẹ́tí sí nọ́ńbà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.