Ìbọn afẹ́fẹ́ tí kò bá ẹran mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Àgbádárìgì

Oko àgbọn ni mò ń dá lẹ́yìn Àgbádárìgì, ìbọn afẹ́fẹ́ tí mo gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ni mo sì fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ ẹ̀gà kúrò nínú àgbàdo tí mo gbìn sáàárín àgbọn. Àwọn tí wọ́n ní irú ìbọn yìí ládùúgbò wa máa ń wá bi mí ní ìbéèrè, ohun tí púpọ̀ nínú wọn sì fẹ́ gbọ́ ni ohun tí wọn yóò rà kún un kí ó lè lágbára sí i. Èmi a ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá agbára tí ó ti jò lára rẹ̀ ná, kí wọ́n tó wá òmíràn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ra awò awọ̀nàjíjìn sórí ìbọn mi. Lónìí ọta á lọ sápá òsì, lọ́la á lọ sápá ọ̀tún. Ṣé kí n wá awò tó dára ju èyí lọ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì náwó. Ìbọn wa yìí kì í lo ẹ̀tù. Nígbà tí o bá ká ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì ńlá kan ni o ń tì pọ̀ sínú ikùn rẹ̀. Bí o bá fi ìka fà á láti yìn ín, sípíríǹgì náà yóò ti písítìnì, irin tó ń sáré nínú ikùn rẹ̀, síwájú, písítìnì yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò sì lé ọta jáde. Irin tó wúwo ló ń sáré tó sì ń dúró lójijì níbẹ̀, nítorí náà ìbọn náà yóò ta sẹ́yìn, yóò sì tún ta síwájú, kí ọta tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìtapadà onírú méjì yìí ló ń tú síkúrúù. Mú skúrúdíráífà tó bá a mu wẹ́kú, kí o gbìyànjú àwọn síkúrúù tó so igi ìbọn mọ́ irin, èyí tó wà níwájú lọ́tùn-ún àti lósì, àti èyí tó wà lẹ́bàá ibi tí ìka ń fà. Bí ọ̀kan bá yí láìjà, o ti rí àìsàn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí o wo ẹsẹ̀ awò. Fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín kan níbi tí ẹsẹ̀ náà ti jókòó lórí irin, yìnbọn ní ogún ìgbà, kí o sì tún wò ó. Bí ìlà náà kò bá bára mu mọ́, awò ń rìn sẹ́yìn, kò sì sí bí o ṣe lè fi ohun tó ń rìn fojú sun nǹkan. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pẹ̀lú pé awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ẹlẹ́tù kì í sábà pẹ́ lórí ìbọn afẹ́fẹ́, nítorí pé ìtapadà sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ṣe é láti fara dà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá le dáadáa, a ó wá yẹ ọwọ́ rẹ wò. Ọkùnrin kan gbé ìbọn wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ó di igi rẹ̀ mú bí ẹni tó di àdá mú. Ihò márùn-ún tó lu sára páálí fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ní kí ó la ọwọ́ òsì sílẹ̀ kí igi ìbọn kàn sùn lé e, kí ó má fún un rárá, kí ó jẹ́ kí ìbọn ta bí ó ti fẹ́ ta. Ìdérí ìgò mínírà bo ihò márùn-ún tó tẹ̀lé e. Òun náà ti fẹ́ ra awò tuntun.

Ìbéèrè: Tèmi kò ṣìnà, agbára ló tán. Ọta a kàn ba ọ̀kẹ́rẹ́ lára, ọ̀kẹ́rẹ́ a sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n ki sípíríǹgì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i.

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ wo ọta tí o ń lò. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, mìlímítà 4.5 àti mìlímítà 5.5. Mo ti rí ẹni tó ń ki èyí tó kéré sínú ìbọn tó gba èyí tó tóbi, tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọta gbọ́dọ̀ fún díẹ̀ bí àtàǹpàkò bá ń tì í wọlé.

Bí ọta bá tọ́, wo rọ́bà kékeré tó yí ẹnu ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́. Gé tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èékánná, tẹ́ ẹ lórí oríkèé náà lẹ́yìn tí o bá ti ki ọta tí o sì ti pa ọ̀pá dé, dojú ìbọn kọ òkìtì iyanrìn, kí o sì yìn ín. Bí tíṣù bá fò, ibẹ̀ ni agbára rẹ ń gbà sá lọ. Má ṣe yìn ín láìsí ọta nínú nítorí ìdánwò yìí tàbí nítorí ohunkóhun, nítorí ọta ló ń fún afẹ́fẹ́ ní ohun tí yóò tì. Bí kò bá sí i, písítìnì yóò fi orí gbá irin.

Ní ti sípíríǹgì líle, mi ò ní bá ọ lọ́wọ́ sí i. Sípíríǹgì yẹn wà ní fífún pọ̀ kódà nígbà tí ìbọn ń sinmi, ẹni tó bá sì tú ìdí rẹ̀ láìní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dì í mú, àyà tàbí ojú rẹ̀ ni irin yóò fò sí. Bí ó bá tilẹ̀ wọlé láyọ̀, ìtapadà yóò pọ̀ sí i, síkúrúù yóò tún tú, ìwọ yóò sì padà wá bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Òfin náà wà níbẹ̀. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá fún, kò sì fàyè gba kí a máa tún ìbọn ṣe nínú ilé. Nínù ìbọn, dídè síkúrúù àti yíyan ọta ni tìrẹ. Bí ó bá ti kan ikùn rẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó bá ọ ṣe ìwé, kí wọ́n júwe ibi tó yẹ fún ọ.

Ìbéèrè: Mo kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ihò tó wà lẹ́yìn ọ̀pá. Ó dún bí ìbọn ọdẹ, èéfín sì jáde. Ṣé ó ti lágbára sí i nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, ó ń jóná ni. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ lójijì máa ń gbóná gan-an, ooru yẹn ló ṣá iná sí ọ́ìlì, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì dísù. Yóò jẹ rọ́bà orí písítìnì, ó sì lè ṣẹ́ sípíríǹgì. Má kán ohunkóhun síbẹ̀ mọ́. Ìta irin ni kí o fi ọ́ìlì pa, aṣọ tó rin díẹ̀ ti tó, pàápàá fún àwa tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ iyọ̀ sára irin wa. Òógùn ọwọ́ nìkan ti tó láti mú ọ̀pá dípẹtà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà pààrọ̀ sípíríǹgì àti ohun ìfojúsùn ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ó ti ń há báyìí. Kí ló fà á, ṣé àwa náà sì lè ní irú rẹ̀ níbí?

Ìdáhùn: Nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, agbára ọta tó ń jáde ló ń ti irin òkè sẹ́yìn láti ju pádi rẹ̀, ìyẹn èèpo ọta tí a ti yìn, dànù, sípíríǹgì ló sì ń dá irin náà padà. Bí sípíríǹgì bá le ju agbára ọta lọ, irin kò ní lọ sẹ́yìn tó, pádi yóò sì há. Kí ó dá èyí tó bá ìbọn wá padà sí i ná. Ní ti wa, òfin 1959 yẹn fi ìbọn ìléwọ́ sínú àwọn tó kà léèwọ̀, pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta, àyàfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e wá sílé rẹ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi máa ń bá mi fi ẹnu mú ọta nígbà tí mo bá ń yìnbọn. Ṣé kò sí ewu?

Ìdáhùn: Ewu ńlá ni. Òjé ni ọta náà, májèlé ni òjé, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù. Gba agolo tó ní ìdérí fún ọta, kí ó wà lápò tìrẹ, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ lónìí, jẹ́ kí ó tu ú síta nísinsìnyí.