Bí a ṣe ń nu ère Búdà onídẹ àtijọ́ tí wọ́n fi wúrà bò

Ohun tó ń dán lára ère Búdà àtijọ́ tó ti Nepal tàbí Tibet wá kì í ṣe idẹ. Wúrà ni, ó sì fẹ́lẹ́. Wọ́n po wúrà mọ́ mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, títí ó fi rí bíi bọ́tà rírọ̀, wọ́n fi kun ère náà, wọ́n sì gbé e sí iná. Mẹ́kúrì di èéfín lọ, wúrà lẹ̀ mọ́ ọn. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti ìpara tí a fi ń dán àwo idẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Wúrà tó bá bó ti lọ nìyẹn.

Wá búrọ́ọ̀ṣì onírun ewúrẹ́ tó rọ̀, òwú, igi tín-ín-rín bíi ti ìtayín, omi dísítílì (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò), tọ́ọ̀ṣì àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìbọ̀wọ́ aṣọ máa ń yọ̀. Bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ, kí o sì tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì.

Ọwọ́ méjèèjì ni kí o fi gbé e, láti abẹ́ ìjókòó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí ewé òdòdó òṣíbàtà. Má ṣe di apá rẹ̀ mú.

Wo ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi páànù bàbà dí i, àdúrà tí wọ́n kọ sórí ìwé, ọkà àti tùràrí ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Má ṣí i, má sì jẹ́ kí omi dé ibẹ̀. Bí wọ́n kò bá tiẹ̀ dí i, orí amọ̀ tí wọ́n fi ìda oyin bò ni wọ́n ti da idẹ rẹ̀, bí àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ àtijọ́ ti ṣe, amọ̀ náà lè ṣì kù nínú rẹ̀. Amọ̀ sì máa ń fa omi mu.

Tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀. Bí ojú kò bá dán tó ara, tí irun sì jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ère Tibet: ìyẹ̀fun wúrà tí wọ́n po mọ́ àtè awọ ẹran ni wọ́n fi kun ojú náà. Omi ń tú àtè yìí. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nìkan ni kí o lò níbẹ̀, bí àwọ̀ náà bá sì ti ń ṣí, fi í sílẹ̀ pátápátá.

Gbọn eruku láti orí lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wé òwú mọ́ igi, tẹ̀ ẹ́ bọ omi, fún un dáadáa, kí o dán an wò ní ẹ̀yìn ìjókòó, ibi tí kò ju orí ìka lọ. Yí òwú náà lórí rẹ̀, má fi ra á. Bó bá dúdú, pààrọ̀ rẹ̀. Bí o bá rí ohun tó ń tàn wúrà lára òwú, dúró. Fi òwú gbígbẹ tẹ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èéfín fìtílà olóróró bọ́tà tó ti le lára rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ilé, ẹni tó mọ ìtọ́jú irin àtijọ́ ni kó fọwọ́ kàn án.

Àwọ̀ ewé tó ṣú, tó le, kò léwu. Èyí tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rún bí ìyẹ̀fun, ni àrùn idẹ: iyọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́ lọ. Gbé e sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àpò sílíkà jẹ́ẹ̀lì, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, kí ọ̀rinrin ibẹ̀ má ju 40 nínú 100 lọ. Tẹ́ pépà dúdú sábẹ́ rẹ̀. Bí o bá tún rí ìyẹ̀fun tuntun lórí pépà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àrùn náà ṣì ń jà.