Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí «Mikils»

Owó tí mo kó lé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ṣì ń dùn mí wọ akínyẹmí ara. £60! Àtúntẹ̀ ni wọ́n pè é, àmọ́ fọ́tò ìwé àtijọ́ ni wọ́n kàn tẹ̀ jáde. Ojú ewé tí «micel», ọ̀rọ̀ wọn fún «ńlá», wà gan-an ni yíǹkì ti ṣàn pọ̀, tí èèyàn ò lè mọ þ (lẹ́tà àtijọ́ fún «th») yàtọ̀ sí p. Bẹ́ẹ̀ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti Bosworth àti Toller wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì mọ́ kedere. Ẹni tó tà á fún mi kò dá mi lóhùn títí di òní.

Iṣẹ́ kíláàsì ni: ká to ọ̀rọ̀ fún «ńlá» láti inú àwọn èdè àtijọ́ tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan sínú àtẹ kan. Mikils ní Gọ́tíìkì, mikill ní Nọ́ọ̀sì, mikil ní Sáksónì, micel ní Gẹ̀ẹ́sì. Ti Jámánì àtijọ́ ni mihhil, torí k wọn ti di hh lẹ́yìn fáwẹ́lì. Ìyẹn ò le.

«Tóbi jù» ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Gbogbo ohun tó bá jọ mikil- ni mo tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí, èsì kan náà ló ń wá: kò sí. Ìdí ni pé gbòǹgbò mìíràn pátápátá ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó so ó mọ́ mikils fún ẹni tó ń wá a. Inú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ sí Gọ́tíìkì ní ọ̀rúndún kẹrin ni mo ti rí i, ní Lúùkù 7:28, níbi tí Jésù ti sọ pé kò sí wòlíì tó ju Jòhánù Onítẹ̀bọmi lọ: maiza. Bí mo ṣe rántí pé z yẹn di r lẹ́nu àwọn yòókù, ojú mi là! Meiri ní Nọ́ọ̀sì, māra ní Gẹ̀ẹ́sì, mēro ní Sáksónì àti Jámánì, gbogbo wọn tò síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Māra yìí ló di «more» tí à ń sọ lójoojúmọ́. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn.

Ẹ ti orí Gọ́tíìkì bẹ̀rẹ̀ ni tèmi, òun ló pa z mọ́. Ẹ má sì ra àtúntẹ̀ tí ẹ ò ṣí wò.

Mo fi orúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ «ńlá» yìí wà nínú wọn kún àtẹ náà: Miklagarðr, tí àwọn ará Nọ́ọ̀sì ń pe Constantinople, Mecklenburg ní Jámánì, Much Wenlock ní Shropshire, Muckle Roe ní Shetland. Olùkọ́ ní kí n yọ ọ́, pé òun ò béèrè rẹ̀. N kò yọ ọ́.