Ẹyin Tútù Kì Í Dé Tán-án-ná: Àṣìṣe Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Gbé Máíìkì

Lóde ìyàwó kan ní Sábó-Òkè, n'Ílọrin, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa gbe dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, fọ́ ẹyin tútù mẹ́ta sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e mu. Orógbó ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ń ṣí ohùn. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ohùn ọ̀hún ti ń dún bí ayùn tí eyín ẹ̀ ti kú. Ó wù mí kí n gbá a létí, àmọ́ èmi náà ti mu tó kíréètì kan láyé mi.

Àṣìṣe kìíní: ẹ ń gbé oògùn ohùn mì. Tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ ẹran méjì tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, inú gògóńgò ló wà, lójú ọ̀nà èémí. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ wà. Ẹ fọwọ́ kan gògóńgò yín, kẹ́ ẹ dá itọ́ mì. Ó fò sókè, àbí? Bó ṣe ń fò yẹn ni tán-án-ná ń pa dé, kí ohun tẹ́ ẹ gbé mì má baà yà síbẹ̀. Bí ẹ̀kán omi kan bá ṣèèṣì yà síbẹ̀, ikọ́ tẹ́ ẹ máa wú kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rántí orin. Ibo wá ni ẹyin fẹ́ gbà? Ibo ni àgbo olówó gọbọi tẹ́ ẹ rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba fẹ́ gbà? Ẹ fi owó ọ̀kadà mu àgbo, ẹ wá ń fẹsẹ̀ rìn wá sóde! Oru omi téèyàn fi imú fà ló ń débẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Omi lásán náà dáa, àmọ́ inú ara ló ń gbà ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀; àtàárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa mu ún, pàápàá nígbà ọyẹ́, kì í ṣe ìgbà tí onílù bá ti ń lù.

Èkejì: paraga. Ó ń gbẹ ọ̀fun, ẹ sì ń pariwo láì mọ̀.

Ẹ̀kẹta: ohùn há, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Dídákẹ́ ni ìsinmi.

Àmàlà aago méjì òru ńkọ́, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán tẹ́ ẹ sùn? Omi kíkan inú ikùn á ru gòkè, á jó tán-án-ná. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó ní òtútù ni.

Ti "wọ́n dè mí lóhùn" wá ńkọ́? Èmi ni ọ̀gá níbẹ̀. Ohùn mi há fún oṣù mẹ́rin, orin òkè kò jáde mọ́, atẹ́gùn ń jò lára ohùn bíi táyà. Mo fẹ̀sùn kan ẹlẹgbẹ́ mi, mo ta àgbò méjì fún ẹni tó máa tú u. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ imú mi. Kókó méjì ni, ọ̀kan lórí tán-án-ná kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjú síra. Ariwo àparéjù ló fà á, bí atẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń roko ṣe ń le. Wọn ò fi abẹ kàn án. Ìsinmi, àti kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ohùn, ló yọ́ ọ. Ẹlẹgbẹ́ mi ò tíì dárí jì mí.

Kókó tẹlòmíì lè wà lápá kan ṣoṣo, ìyẹn sì lè fẹ́ abẹ. Ẹni tí ohùn ẹ̀ di atẹ́gùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, ó lè jẹ́ iṣan tó ń darí tán-án-ná ló fara gbá. Tí ohùn bá há kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fa sìgá, ẹ lọ UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyì. Jẹjẹrẹ gògóńgò náà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

Ọmọ ẹlẹ́yin yẹn pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp.