Káàdì 10 gigabit tó yanjú ọ̀rọ̀ fáìlì ńlá ní ṣọ́ọ̀bù wa

Fídíò ìgbéyàwó kan lè tó 200 GB ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tanke, Ìlọrin. Tẹ́lẹ̀, ìdajì wákàtí ló máa ń gbà kó tó dé orí kọ̀ǹpútà kejì, oníbàárà á sì jókòó tì wá. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì 1 gigabit ló dí wa lọ́wọ́: 125 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin rẹ̀, 110 ló sì sábà máa ń fúnni.

Káàdì 10 gigabit Intel X520-DA1 méjì, àlòkù, ni mo rà, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Wáyà DAC (wáyà bàbà kúkúrú tí orí rẹ̀ ti wà lára rẹ̀) kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀ tààrà, kò sí switch (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀) rárá. Mo yan irú káàdì yìí ju èyí tó ń lo RJ45 (ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọ́pọ̀) lọ, torí ìyẹn máa ń gbóná jù, ooru Ìlọrin nínú oṣù kẹta kò sì ṣeé fojú di.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ihò tí ẹ máa ki káàdì náà sí! PCIe 2.0 (ọ̀nà tí káàdì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) ni, nínú ihò x1, ìyẹn ihò olójú ọ̀nà kan, kò lè kọjá 500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá x4 (olójú ọ̀nà mẹ́rin), ó kéré tán.

Mo fi àdírẹ́sì IP 10.10.10.1 àti 10.10.10.2 sí wọn, MTU (ìwọ̀n ìdì dátà tó tóbi jù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan) 9000 lójú méjèèjì. Báyìí, SSD SATA wa (ibi tí a ń tọ́jú fáìlì sí) ló kù tó ń fà sẹ́yìn, síbẹ̀ 200 GB ń kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méje.