Bí a ṣe ń ṣètò ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn ní ilé-ìwé girama abúlé ní Èkìtì

Ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn kì í bàjẹ́ nítorí àga tí kò tó tàbí ìrẹsì tó jóná. Orúkọ ló máa ń bà á jẹ́. Wọ́n pe ọmọ tí kò gbégbá orókè, wọ́n fo ẹni tó gbà á, tàbí wọ́n pe Táíwò nígbà tó jẹ́ pé Kẹ́hìndé ló ni ẹ̀bùn. Àga ṣeé lọ yá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n pè jáde níwájú Kábíyèsí àti ìyá rẹ̀, tí wọ́n wá ní kó padà lọ jókòó, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ orúkọ àti máàkì yóò fi gùn jù nínú àlàyé yìí.

Dídá ọjọ́

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń ṣe é ní oṣù Keje, nígbà tí sáà kẹta bá ń parí. Ẹ má ṣe é nígbà náà. Àwọn tíṣà ṣì ń máàkì ìwé, òjò ń rọ̀, èsì WAEC àwọn SS3 kò sì tíì jáde, nítorí oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń dé. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta oṣù Kọkànlá ni kí ẹ fi sí. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, iṣu tuntun ti wà lọ́jà, èsì ti pé, ẹ sì ti rí àyè tún ìwé orúkọ wò dáadáa. Ẹ má sì dúró de Kérésìmesì nítorí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó. Kí wọ́n tó dé, ilé-ìwé á ti wọ ìsinmi.

Kí ẹ tó dá ọjọ́, ẹ bi ìyálọ́jà léèrè. Ọjà ọrọọrún kì í wo ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀: ó lè bọ́ sí ọjọ́ Ajé, kó tún bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá gbé ètò lé ọjọ́ ọjà, ìyá tó ń ta iṣu tàbí gaàrí kò ní wá, òun gan-an sì ni ẹ ń wá. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta náà kò dára, nítorí òkú ṣíṣe ló ń gba gbogbo kánópì àti àga ìlú. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ lò. Àwọn tó ń yáni ní kánópì kì í ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì gbà yín ní owó tó mọ níwọ̀n.

Máàkì

Ẹ kó ìwé máàkì sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá jọ, kì í ṣe ti sáà kẹta nìkan. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àyè òfìfo. Tíṣà kan ti gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí ìlú mìíràn, tàbí àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ wọn ní Físíìsì ti parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó sì gbé ìwé máàkì rẹ̀ lọ. Àyè òfìfo kì í ṣe òdo. Bí ẹ bá kà á sí òdo, ẹ ti já ọmọ náà wálẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ẹ pe tíṣà náà lórí fóònù, kó ya àwòrán ojú ìwé máàkì, kó fi ránṣẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kó di òfin pé àgùnbánirọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò láìfi ìwé máàkì rẹ̀ lé ọ̀gá ìdánwò lọ́wọ́.

Ẹ má fi àpapọ̀ máàkì yan ẹni kìíní. Nínú kíláàsì SS, ọmọ kan lè máa ṣe ẹ̀kọ́ mẹ́jọ, kí ẹlòmíràn máa ṣe mẹ́sàn-án. Ọmọ tó ní 639 nínú ẹ̀kọ́ 9 ní 71 lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ní 600 nínú ẹ̀kọ́ 8 ní 75. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ nìkan á gbé ẹ̀bùn fún ẹni tó ní 71, gbogbo kíláàsì á sì mọ̀ pé wọ́n rẹ́ ẹnì kan jẹ. Ẹ pín in ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá.

Bí kíláàsì bá pín sí A àti B, tí kì í ṣe tíṣà kan náà ló ń kọ́ wọn ní Mátíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má da máàkì wọn pọ̀. Tíṣà kan lè lawọ́ ní máàkì, kí èkejì háwọ́. Ẹ fún apá kọ̀ọ̀kan ní ẹni kìíní tirẹ̀. Bí ọmọ méjì bá sì ní iye kan náà, ẹni kìíní ni àwọn méjèèjì, ẹni tó tẹ̀lé wọn ni ẹni kẹta. Ẹ má ṣẹ́ gègé, ẹ má wo ọjọ́ orí, ẹ má wo ẹni tí ìwà rẹ̀ dára jù. Nítorí èyí ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ ra ẹ̀bùn mẹ́ta lé sí i.

Ẹni méjì ni yóò ṣírò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìrí iṣẹ́ ara wọn. Kí ẹnì kan lo kọ̀ǹpútà, kí èkejì lo kakulétọ̀ inú fóònù. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹ padà síbi ìwé ìdánwò ọmọ náà, ẹ má jókòó máa jiyàn.

Ti WAEC, ẹ lo ìwé èsì tí ilé-ìwé tẹ̀ jáde, kì í ṣe àwòrán tí ọmọ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ka A1 sí 1, B2 sí 2, títí dé F9 tó jẹ́ 9, kí ẹ ro ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tó dára jù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló gbà á. Gbogbo àwọn tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ìyẹn C6 sókè, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Mátíìsì sì wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn, kódà bí ẹ̀bùn kò bá kárí.

Orúkọ

Inú ìwé ìgbàwọlé ilé-ìwé ni ẹ ti máa kọ orúkọ, kì í ṣe láti ẹnu. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì mọ́ pátákó ìkéde fún ọjọ́ márùn-ún, ní títẹ̀lé A B D, láìkọ ipò kankan sí i. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi bírò tún orúkọ rẹ̀ ṣe, kó sì fọwọ́ sí i. Báyìí, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tó gbà, orúkọ á sì ti tọ́ kí ẹ tó tẹ ìwé ẹ̀rí. Ní ti àwọn ìbejì, ẹ kọ nọ́ńbà ìgbàwọlé wọn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ.

Ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ inú ìwé tí alága ìkéde yóò máa kà. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó ka gbogbo rẹ̀ sókè sétí àwọn tíṣà kíláàsì. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí fún aláwàdà tó dé láti Adó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tíṣà tó mọ ojú àwọn ọmọ náà ló yẹ.

Lẹ́yìn èyí, tíṣà kíláàsì, ọ̀gá ìdánwò, igbákejì ọ̀gá àti ọ̀gá ilé-ìwé á fọwọ́ sí ìwé náà, ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó dá ẹ̀bùn sílẹ̀ lè ní kí ẹ fi ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kún un. Ẹ dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. A ti fọwọ́ sí ìwé, àmọ́ ẹ lè fún ọmọ náà ní tirẹ̀ lẹ́yìn ètò.” Bákan náà, ẹ má yọ orúkọ ọmọ kankan nítorí pé òbí rẹ̀ jẹ owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ọmọ kọ́ ló jẹ gbèsè.

Ẹ̀bùn ẹni tó gòkè jù ṣe pàtàkì, pàápàá fún ọmọ tí kò lè gba ipò kìíní láéláé. Ẹ yọ iye sáà kìíní kúrò nínú ti ìkẹta: ọmọ tó wà ní 41 tó dé 58 ti fi 17 gòkè. Ti wíwá sílé-ìwé déédéé, ẹ kà á nínú rẹ́jísítà, àárọ̀ àti ọ̀sán.

Ìlú

Ààfin ni ẹ kọ́kọ́ lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ọ̀gá ilé-ìwé, alága ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú ni kó lọ. Ẹ má fi lẹ́tà rán ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn Kábíyèsí ló kan àwọn olóyè, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde.

Ẹ má fi ilé-ìwé yín wé Christ's School Adó-Èkìtì, tó ti wà láti 1933, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ kún ibi gbogbo. Ilé-ìwé abúlé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí owó ńlá gbà. Ohun èlò àti iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì dárúkọ wọn: káfíńtà á tún bẹ́ǹṣì mẹ́wàá ṣe, àwọn aláta á kó ata àti àlùbọ́sà wá, àwọn àgbẹ̀ á kó igi ìdáná wá, àwọn ọlọ́kadà á gbé àwọn ìyá àgbà láti àbà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ka orúkọ ẹni tó kó igi wá ní ohùn kan náà tí ẹ fi ka orúkọ ẹni tó mú owó wá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ ni kí ẹ pè jáde pẹ̀lú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. Lẹ́tà kò ràn án. Ẹ rán tíṣà lọ sílé wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Ẹ̀bùn àti oúnjẹ

Ìwé-àkọsílẹ̀ olójú-ewé 80, dọ́sìn kan nínú báàgì, dára ju kọ́ọ̀pù oníke lọ, ọmọ á sì lò ó. Ẹ má fi bébà aláràbarà wé e, nítorí àwọn òbí fẹ́ rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, kó bá nọ́ńbà inú ìwé orúkọ mu. Ìrẹsì tí a kò tíì sè, gíráàmù 125 tó fún ọmọ kan; àpò 50 kìlógíráàmù á tó ọmọ 400. Iyán, ẹ fi í fún Kábíyèsí àti àwọn àgbà nìkan.

Ọjọ́ náà àti ìlérí owó

Lẹ́yìn àdúrà àti orin orílẹ̀-èdè, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ ìkíni gígùn kó tẹ̀lé e, kó má ṣáájú. Àwọn ọmọ mẹ́ta kí wọ́n máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ kí a tó pè wọ́n. Orúkọ 60, ní ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 40 ìṣẹ́jú, nítorí náà ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ọmọ jó.

Ohun tí ẹnì kan ṣèlérí kò tíì jẹ́ owó. Ẹ má kéde pé ilé-ìwé ti rí i gbà. Ẹ kọ orúkọ, iye, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tí yóò san án sínú ìwé kan lójú ẹsẹ̀, kí ẹni méjì sì lọ kí i nílé láàárín ọjọ́ méje. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ òbí ni kí owó wọ̀, kì í ṣe ti tíṣà kankan. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ẹ ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ẹ̀dà ìwé orúkọ tí a fọwọ́ sí, ẹ fi ọ̀kan sí fáìlì ilé-ìwé, kí ẹ fún alága ẹgbẹ́ òbí ní èkejì, nítorí ìjọba lè gbé ọ̀gá ilé-ìwé lọ síbòmíràn kí ọdún tó yí po.