Bí Ògbufọ̀ Ṣe Lè Mọ Irú Ọ̀run Tí Oníwàásù Ń Sọ: Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Tí A Wà ní Àbújá àti Òkè Ọya

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ Yorùbá ń bá pàdé ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya, n kò tíì rí èyí tó ń múni ṣìnà tó “ọ̀run”. Láti kékeré ni a ti ń pè é, nítorí náà a kì í dúró rò ó kí a tó sọ ọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kubwa tàbí Nyanya, oníwàásù lè máa fi Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, kí àwọn ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn máa retí Yorùbá lẹ́nu wa. Níbi ìsìnkú ní Sabon Gari ní Kano, àáfà lè fi Hausa wàásù fún ẹbí tó ti Ìlọrin tàbí Ìbàdàn wá, tí wọn kò gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè náà. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni àwọn wọ̀nyí yóò gbé lọ sílé.

Mo ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Oníwàásù kan sọ pé “ruwa daga sama”, mo sì yára sọ pé “omi láti ọ̀run”. Nígbà tí ìsìn parí, ìyá àgbàlagbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé omi ìyè ni wọ́n ń sọ ni?” Òjò tó ń rọ̀ sí oko àgbàdo ni bàbá náà ń sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Kí ẹ tó sọ “ọ̀run”, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Hausa yóò fi sọ ọ́: “sama”, “lahira” tàbí “aljanna”? Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Òkè Ọya ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kódà bí kò bá gbọ́ Hausa dáadáa. “Sama” ni òkè tí a ń fojú rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe bàálù ní “jirgin sama”. “Lahira” ni ibi tí òkú ń lọ, yálà ẹni rere tàbí ẹni ibi. “Aljanna” ni ibi èrè àti ìsinmi fún olódodo. Yorùbá lè fi “ọ̀run” nìkan pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó fún.

Èyí àkọ́kọ́ kò le. Bí ó bá jẹ́ òkè tí ẹyẹ ń fò ni, ẹ sọ pé “ojú ọ̀run” tàbí “sánmà”, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní “sánmọ̀”. Bí ó bá jẹ́ àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni, “òfuurufú” dára. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni inú Bíbélì, nítorí “shamayim” tí àwọn Hébérù ń lò jẹ́ sánmà, ó sì tún jẹ́ ibùgbé Ọlọ́run. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884, èyí tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí i ní Jẹ́nẹ́sísì orí kìn-ín-ní pé Ọlọ́run pe òfuurufú ní Ọ̀run. Ẹsẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí òkú ń lọ rárá. Bákan náà ni Sáàmù 19, níbi tí a ti sọ pé àwọn ọ̀run ń sọ̀rọ̀ ògo Ọlọ́run: oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ló wà lọ́kàn onísáàmù. Bí oníwàásù bá ń ka Ìwé Mímọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí Bíbélì ṣe kọ ọ́. Bí ó bá ń ṣàlàyé rẹ̀, ẹ sọ pé “ojú ọ̀run”.

Èyí tí Hausa ń pè ní “lahira” ló jinlẹ̀ jù fún wa, nítorí òun ló sún mọ́ ọ̀run tí àwọn baba wa mọ̀. Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ilé yìí kì í ṣe èrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìyà. Ibi tí a ti wá ni, ibẹ̀ náà ni a ó padà sí. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti kúnlẹ̀ yan ìpín kí ó tó wá sáyé. Ìdí nìyí tí èdè wa fi ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn ti “ọ̀run” lẹ́yìn nígbà tí a bá fẹ́ sọ irú èyí tó jẹ́: ọ̀run rere wà, ọ̀run àpáàdì sì wà. Bí “ọ̀run” nìkan bá ti ń tọ́ka sí ibi ìgbádùn láti ilẹ̀ wá ni, kí ni à bá tún máa fi “rere” kún un fún?

Ọ̀run yìí kò sì fi dandan wà lókè. Òótọ́ ni pé ìtàn Odùduwà tí ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ gbé e sókè, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń bá òkú sọ̀rọ̀: kí ó má jẹ ọ̀kùn, kí ó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ó bá wọn jẹ. Ọ̀kùn àti ekòló kì í gbé ojú sánmà, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Egúngún tí a ń pè ní ará ọ̀run pàápàá, a kì í wo òkè dúró dè é. Nítorí náà, bí ẹbí bá ń sun ẹkún bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn aládùúgbò Hausa tó wá bá wọn kẹ́dùn, tí wọ́n sì ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀, “lahira” ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá lo “aljanna”, ẹ ti dá ẹjọ́ tí àwọn ẹlẹ́kún kò dá. Bí ẹ bá sì lo “sama”, ẹ ti gbé òkú lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Fún ibi èrè, àwọn Mùsùlùmí wa ní “àlùjánnà”, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń túmọ̀ Àlùkùránì sí Yorùbá sì ń lo “Ọgbà Ìdẹ̀ra”. Ìtumọ̀ yìí wù mí púpọ̀, nítorí ọgbà ni “janna” túmọ̀ sí ní èdè Lárúbáwá. “Párádísè” tí àwọn Kristẹni ń lò ti inú èdè Páṣíà àtijọ́ wá, níbi tó ti jẹ́ ọgbà tí a mọ odi yí ká; ọgbà náà ni ìsìn méjèèjì ń sọ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ sánmà méjèèje tí Àlùkùránì dárúkọ, nítorí Lárúbáwá ya “samāʾ” sọ́tọ̀ kúrò lára “janna”.

Níbi ìkẹ́dùn, ẹ kíyè sí ẹnu yín gidigidi. Ẹ má ṣe sọ nípa Mùsùlùmí tó kú pé ó ti wọ àlùjánnà, nítorí nínú ìgbàgbọ́ wọn, Ọlọ́hun nìkan ló mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ìdájọ́ àlùkìyámọ̀ sì ń bẹ níwájú. Àdúrà ni kí ẹ sọ ọ́ di: “Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ wọn.” Ẹ rí i pé “Ọlọ́hun” ni mo kọ; ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ló fẹ́ràn rẹ̀ ju “Ọlọ́run” lọ, ògbufọ̀ tó bá sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ yóò pè é bí ẹbí náà ṣe ń pè é. Nínú ìdílé tí ìsìn ti pọ̀ ju ọ̀kan lọ, irú èyí tó pọ̀ láàrin wa níbí, “kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere” kì í sábà bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ Hausa mẹ́ta yẹn kò ti lè ràn yín lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, “ọ̀run” dúró fún Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Ọmọ onínàákúnàá ní òun ti dẹ́ṣẹ̀ sí ọ̀run. Ìjọba ọ̀run tí Mátíù ń sọ ni Máàkù àti Lúùkù ń pè ní ìjọba Ọlọ́run. Níbẹ̀, ẹ fi “Ọlọ́run” rọ́pò “ọ̀run” nínú ọkàn yín. Bí gbólóhùn náà kò bá yí padà, kì í ṣe ibi kan lẹ́yìn ikú ni oníwàásù ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti rò pé ìjọba ọ̀run kò kàn wọ́n títí di ọjọ́ ikú, nítorí pé ògbufọ̀ fi ohùn ìsìnkú pe é.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, pàápàá sínú ìwé ètò ìsìnkú, ẹ fi àmì sí i. “Ọ̀run” kì í ṣe “ọrùn” tí a ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí, kì í sì í ṣe “ọrun” tí ọdẹ ń ta.

Ó ku ibi tí ó ṣòro jù, níbi tí ìtumọ̀ méjì ti wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kìn-ín-ní, ẹsẹ kọkànlá, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, “ouranos”, ni a lò fún ibi tí àwọn ará Gálílì ń wò àti ibi tí a gbé Jésù lọ. Bí mo bá ń túmọ̀ àlàyé oníwàásù lórí ẹsẹ yìí, mo máa ń sọ pé “ojú ọ̀run” ni wọ́n ń wò, “ọ̀run” ni ó lọ, mo sì máa ń dánu dúró díẹ̀ láàrin méjèèjì kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà.